Níbo Ni Adùn Wísíkì Skọ́tíláǹdì Ti Ń Wá?

Ní gúúsù erékùṣù Islay, ní ìwọ̀ oòrùn Skọ́tíláǹdì, ilé ìpọntí mẹ́ta tò tẹ̀ léra létí òkun, lójú ọ̀nà kan ṣoṣo: Laphroaig, Lagavulin àti Ardbeg. Kì í ṣe ìrìn àrìnjìnnà ni láti ti àkọ́kọ́ dé ìkẹta. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí wọn, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kan náà ló ń fẹ́ sí wọn lára, ilé iṣẹ́ kan náà tó wà ní Port Ellen ló sì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́ọ̀tì (ọkà báálì tí wọ́n jẹ́ kó hù, tí wọ́n sì gbẹ) tí wọ́n ń lò. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ọtí kò lè ṣi ọ̀kan pè ní èkejì. Òórùn Laphroaig dà bí ti oògùn apakòkòrò ilé ìwòsàn. Lagavulin wúwo, kì í kánjú lọ́nà ọ̀fun. Èéfín Ardbeg pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nǹkan kan tó jọ ọsàn wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ èéfín náà.

Bí ilẹ̀, òjò àti afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ọ̀kan, kí ló wá fa ìyàtọ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, torí ohun tí wọ́n ń kọ sára ìgò àti ohun tí àwọn onípolówó ń sọ kò bá iṣẹ́ náà mu délẹ̀délẹ̀. Èrò tèmi ni pé ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì ló bí wísíkì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn àti igi tí wọ́n ń rà wá láti òkè òkun ló ń tọ́ ọ dàgbà.

Òfin ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún 2009 tó de wísíkì Skọ́tíláǹdì sọ pé inú Skọ́tíláǹdì ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ sè é, láti ara ọkà, omi àti ìwúkàrà. Inú àgbá igi óákù tí kò gbà ju 700 lítà lọ ló gbọ́dọ̀ wà fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, ní Skọ́tíláǹdì náà, agbára rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 40 nínú 100 nígbà tó bá wọnú ìgò. Yàtọ̀ sí omi àti àwọ̀ ṣúgà jíjó, wọn kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kún un. Ẹ kíyè sí ohun tí òfin náà dákẹ́ lé lórí. Kò sọ pé ọkà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkà oko Skọ́tíláǹdì. Kò sọ pé igi àgbá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ igi igbó ibẹ̀.

Ọtí náà pẹ́ ju òfin rẹ̀ lọ fíìfíì. Ní 1494, ìwé ìṣirò owó Ọba James Kẹrin ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fún ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan, John Cor, ní mọ́ọ̀tì tí yóò fi ṣe ọtí líle. Ohun tí wọ́n ń mu nígbà náà kò jọ ti òní: ó mọ́ gaara bí omi, ó ń ta lẹ́nu, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n bá sè é tán kí wọ́n tó mu ún. Láti 1644 tí ìjọba ti gbé owó orí lé e, àfonífojì àti ihò òkè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sè é ní bòókẹ́lẹ́, tí àwọn agbowó orí sì ń lé wọn kiri. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn tó ń sè ògógóró rí lábẹ́ ìjọba amúnisìn nílẹ̀ wa yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Òfin ọdún 1823 ló jẹ́ kí owó ìwé àṣẹ ṣeé san. George Smith ará Glenlivet gba tiẹ̀ ní 1824, inú sì bí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń sè ní bòókẹ́lẹ́ débi pé ìbọn ìléwọ́ méjì ni ọkùnrin náà ń gbé kiri kí wọ́n má bàa pa á.

Ti ọdún mẹ́ta nínú igi ńkọ́? Àwọn tó mọ ọtí ti mọ̀ tipẹ́ pé igi ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n 1915 ni ìjọba Ìlú Ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di dandan. Ọdún méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ogun Àgbáyé Kìíní ló fà á: David Lloyd George, mínísítà nínú ìjọba náà, ń wá bí yóò ṣe dín ìmutípara kù láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rọ ohun ìjà. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí ogun ló wá di òpó tí gbogbo ilé náà dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọkà. Báálì ni wọ́n fi ń ṣe wísíkì mọ́ọ̀tì, ẹni tó bá sì ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe bùrùkútù ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: wọ́n á rẹ ọkà sómi, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí yóò fi hù, wọ́n á wá gbẹ ẹ́ kí ó má bàa di ewé. Híhù yẹn ló ń jí ẹ́ńsáìmù inú ọkà, ẹ́ńsáìmù ló sì ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń rẹ báálì, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún ló fi ń hù. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ ilé pẹrẹsẹ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, àwọn ọkùnrin á máa fi ṣọ́bìrì onígi yí i padà tọ̀sán tòru kí gbòǹgbò má bàa lọ́ mọ́ra, títí èjìká wọn yóò fi wọ́. Ilé ìpọntí Balvenie, Springbank, Bowmore àti Laphroaig wà lára àwọn díẹ̀ tó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá kan tàbí gbogbo ọkà wọn. Àwọn yòókù ń rà á láti ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń fi ẹ̀rọ ṣe é.

Níbi gbígbẹ ọkà yìí ni èéfín ti ń wọ̀ ọ́. Píìtì ni wọ́n ń dáná rẹ̀ lábẹ́ ọkà: koríko àti ewéko wẹ́wẹ́ tó ti jẹrà sínú irà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sì sá gbẹ. Igi kò pọ̀ ní Islay, píìtì ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó, òun náà ni wọ́n sì ń dá. Ní Speyside, àgbègbè ìpọntí mìíràn ní Skọ́tíláǹdì, ọkọ̀ ojú irin dé àfonífojì odò Spey ní 1863, èédú òkúta bá a dé, bẹ́ẹ̀ ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù nínú ọtí ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní adùn Islay àti adùn Speyside lónìí, ohun ìdáná ló bí i. Kì í ṣe pé ilẹ̀ méjèèjì ní ẹ̀mí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lónìí, àìní kò fipá mú ẹnikẹ́ni lo píìtì mọ́. Bruichladdich, tó wà ní Islay gan-an, ń ta ọtí tí kò ní èéfín rárá, ilé kan náà ló sì ń ṣe Octomore, tí èéfín rẹ̀ kọjá ààlà. Ìwọ̀n fínọ́ọ̀lù tó wà nínú mọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń ka èéfín, bó ṣe jẹ́ nínú mílíọ̀nù kan: ti Bowmore tó nǹkan bí 25, ti Lagavulin nǹkan bí 35, ti Ardbeg nǹkan bí 55, ti Octomore sì sábà máa ń ju 100 lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọkà nìyẹn, kì í ṣe ti ìgò. Púpọ̀ nínú fínọ́ọ̀lù náà ló ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ìyẹn ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà yìí nìkan ra ọtí.

Nípa omi, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Gbogbo ilé ìpọntí ló ní ìsun tó fi ń yangàn. Omi ṣe pàtàkì lóòótọ́: ó gbọ́dọ̀ pọ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ tutù kó lè sọ oru ọtí di olómi. Ṣùgbọ́n pé òkúta tí omi gbà kọjá ló fún ọtí ládùn, n kò rí ẹ̀rí tó tẹ̀wọ̀n. Ìsè méjì ti fi èròjà òkúta sílẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò. Omi tí wọ́n sì fi ń là á kí ó tó wọ ìgò sábà máa ń jẹ́ omi tí wọ́n ti yọ irú èròjà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ìwúkàrà ni wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Wọ́n á lọ mọ́ọ̀tì, wọ́n á da omi gbígbóná sí i, wọ́n á sẹ́ omi dídùn rẹ̀, pàǹtí rẹ̀ á di oúnjẹ màlúù. Omi dídùn yìí ni wọ́n ń da ìwúkàrà sí, nínú àgbá gìrìwò tí wọ́n fi pákó tàbí irin ṣe. Á ho, á ru sókè, láàárín ọjọ́ méjì á sì ti di ohun tó jọ bíà, tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 8 nínú 100. Ìpinnu wà níbí. Ẹni tó ń kánjú á gbé e lọ síná ní wákàtí 48, òórùn ọkà àti ẹ̀pà ni yóò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ní sùúrù á fi í sílẹ̀ di wákàtí 80 tàbí 100. Iṣẹ́ ìwúkàrà á ti parí, bakitéríà á gba ipò rẹ̀, òórùn ápù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó á sì yọ. Kò ná wọn ju àyè àti àkókò lọ, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn ketekete.

Ó di orí ìkòkò bàbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sè é níbi púpọ̀: ìkòkò àkọ́kọ́ á gbé agbára rẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 22 sí 25, ìkejì á gbé e dé nǹkan bí 70. Auchentoshan nítòsí Glasgow ń sè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọtí rẹ̀ sì fúyẹ́. Iṣẹ́ bàbà ju ti pé ó ń tètè gbóná lọ. Ó ń mú imí-ọjọ́ inú oru mọ́ra, kò ní jẹ́ kí ọtí máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ tàbí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó sùn. Bí oru bá ṣe pẹ́ lára bàbà tó ni ọtí ṣe ń mọ́ tó. Ìdí nìyẹn tí ìrísí ìkòkò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Ọrùn ìkòkò Glenmorangie ga ju mítà márùn-ún lọ, kò sí èyí tó gùn tó o ní Skọ́tíláǹdì. Oru tó wúwo kì í lè gun òkè náà tán, yóò jábọ̀ padà, kìkì èyí tó fúyẹ́ ló ń kọjá. Ìkòkò Macallan kúrú, ó sì sanra, ọtí rẹ̀ ní òróró lẹ́nu. Dalwhinnie fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún wa: ní àwọn ọdún 1980, wọ́n yọ ọ̀pá bàbà tó ń yí po nínú agbada omi, tí wọ́n fi ń mú oru tutù, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀. Ọtí yí padà. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Omi kò yí padà, ọkà kò yí padà, ọ̀pá ìtutù nìkan ni.

Àpótí kan wà níwájú ìkòkò kejì, idẹ àti gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1820 ni wọ́n ti ń lò ó, kí ẹnikẹ́ni má bàa jí ọtí bù kí ìjọba tó ka owó orí rẹ̀. Ọtí ń ṣàn kọjá lójú ẹni tó ń sè é, ṣùgbọ́n kò lè gbóòórùn rẹ̀, kò sì lè tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀, ìwọ̀n agbára àti ìwọ̀n ooru ló fi ń dájọ́. Orí ọtí, èyí tó kọ́kọ́ jáde, mú burúkú, kò ṣeé mu. Bí wọ́n bá bu omi sí i nínú àpótí náà, á ṣú bí omi ògì. Nígbà tó bá dáwọ́ ṣíṣú dúró, ọkùnrin náà á fa ọwọ́ kan lókè àpótí, ẹnu ọ̀pá á yí síhà kejì: àárín ọtí, èyí tí wọn yóò tọ́jú, ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ohun tó wúwo bí awọ àti òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jáde, yóò sì tún yí i padà. Orí àti ìdí á lọ dúró de ìsè mìíràn.

Ibí yìí gan-an ni a ti rí èsì fún àwọn mẹ́ta tó wà ní Islay. Òórùn èso máa ń tètè jáde, fínọ́ọ̀lù máa ń pẹ́. Laphroaig ń jẹ́ kí orí ọtí ṣàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, èyí tó pẹ́ ju ti ọ̀pọ̀ lọ, púpọ̀ nínú òórùn dídùn àkọ́kọ́ sì ń bá a lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù ni oògùn àti èéfín. Ardbeg ní ọ̀pá kan tó ń dá oru tó wúwo padà sínú ìkòkò, nítorí náà ni èso fi ń yọ lábẹ́ gbogbo èéfín yẹn. Lagavulin ń sè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nínú ìkòkò tó rí rùbùtù nísàlẹ̀.

Síbẹ̀, gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí, omi gaara ló ṣì bí. Wọ́n á là á dé ìdá 63.5, wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá, iṣẹ́ tó pẹ́ jù á sì bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àgbá náà ti ń wá, òfin ló sì gbé wọn wá. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé inú àgbá óákù tuntun tí wọ́n ti jó inú rẹ̀ di èédú ni bourbon gbọ́dọ̀ wà. Bí wọ́n bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, kò wúlò fún bourbon mọ́, Skọ́tíláǹdì á sì rà á. Àgbá yìí, tó ń gba nǹkan bí 200 lítà, ló ń fún wísíkì ní òórùn fàńílà àti àgbọn. Jíjó tí wọ́n jó igi náà ló tú ṣúgà àti fàńílà inú rẹ̀ sílẹ̀.

Èkejì ni àgbá ṣẹ́rì láti Jerez ní ilẹ̀ Sípéènì. Láyé ọjọ́un, inú àgbá ni wọ́n ti ń kó wáìnì yẹn wọ èbúté Ìlú Ọba, wọ́n á ta wáìnì tán, àgbá òfìfo á wà nílẹ̀, àwọn elépọntí tí kì í fi nǹkan ṣòfò á sì rà á lówó pọ́ọ́kú. Àṣà yẹn parí ní àwọn ọdún 1980, nígbà tó di dandan pé inú ìgò ni ṣẹ́rì yóò ti kúrò ní Sípéènì. Láti ìgbà náà, àwọn elépọntí ló ń san owó kí wọ́n kan àgbá tuntun, kí wọ́n rọ ṣẹ́rì sí i fún ọdún kan tàbí méjì, kí wọ́n dà á nù tàbí kí wọ́n tún un lò, kí wọ́n wá fi àgbá náà ránṣẹ́. Ṣẹ́rì ti di ohun tí wọ́n fi ń tọ́ àgbá; àgbá kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń gbé ṣẹ́rì mọ́. Òun ló ń mú òórùn èso gbígbẹ àti àwọ̀ pupa ṣíṣú wá.

Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ sábà máa ń sọ pé ìdá 60 sí 70 nínú adùn ló ń ti ara igi wá. Mo gbà pé igi ló ń kó ipa tó tóbi jù, ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ra fún nọ́ńbà náà, torí àgbá kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tí wísíkì ń wọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ á sọ̀rọ̀ sókè. Èyí tí wọ́n ti lò lẹ́ẹ̀mẹ́ta á kàn máa mí ni, ọtí fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo ti tọ́ wísíkì wò tí àgbá ṣẹ́rì bò mọ́lẹ̀ débi pé bóyá Speyside ni wọ́n ti sè é tàbí Islay, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Èmi kò ka ìyẹn sí ọlá.

Ní gbogbo ìgbà tí ọtí wà nínú igi, díẹ̀ ń fò lọ, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 lọ́dún. Ìpín àwọn áńgẹ́lì ni wọ́n ń pè é. Ní Bangalore ní Íńdíà, níbi tí Amrut ti ń pọn wísíkì tirẹ̀, ooru mú kí ìpín náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ọtí sì ń tètè gbó. Òtútù Skọ́tíláǹdì ló jẹ́ kí ọtí lè lo ọdún 20 nínú igi láìjẹ́ pé igi gbé e mì. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ilẹ̀ náà, èyí ni mo gbà gbọ́ jù lọ. Ti afẹ́fẹ́ òkun tí wọ́n ní ó ń wọ inú àgbá ńkọ́? Púpọ̀ nínú ọtí Caol Ila, ará Islay, kì í gbó sí Islay. Orí ilẹ̀ ńlá ni wọ́n ń kó o lọ, èéfín àti iyọ̀ ẹnu rẹ̀ ò sì yí padà.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé wísíkì àdàlù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn àgbáyé ń mu. Aeneas Coffey gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1830 fún ẹ̀rọ tó ń sè ọtí láìdáwọ́dúró, láti ara ọkà tó bá dé ọwọ́: àgbàdo láyé ọjọ́un, àlìkámà lónìí. Ọtí rẹ̀ fúyẹ́, kò sì wọ́n. Andrew Usher ní Edinburgh wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ìdàpọ̀ di iṣẹ́, òfin ọdún 1860 sì fún wọn láyè láti da mọ́ọ̀tì àti ọtí ọkà pọ̀ kí wọ́n tó san owó orí. Àwọn onímọ́ọ̀tì bínú, wọ́n ní ayédèrú ni. Ní 1905, ìjọba àdúgbò Islington ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àwọn tó ń ta ọtí lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìgbìmọ̀ ọba kan sì jókòó lé e lórí ní 1908. Ìdáhùn wọn ní 1909 ni pé wísíkì ni méjèèjì. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn. Kí ènìyàn kó ọtí ilé ìpọntí 30 jọ, tí kò sí méjì tó dọ́gba, kí ó sì mú adùn kan náà jáde lọ́dọọdún, iṣẹ́ ọpọlọ àti imú ni. Àwọn tó ń fojú kéré wísíkì àdàlù nítorí àti mu single malt, ìyẹn mọ́ọ̀tì ilé ìpọntí kan ṣoṣo, kò tíì ro bí iṣẹ́ náà ṣe le tó.

Níbi àríyá, yálà ní Èkó tàbí ní Peckham, nọ́ńbà ara ìgò ni àwọn ènìyàn wa ń wò. Nọ́ńbà náà ni ọjọ́ orí ọtí tó kéré jù nínú ìgò, kì í ṣe ìwọ̀n adùn. Ọdún 12 nínú àgbá tó dára sàn ju ọdún 18 nínú àgbá tó ti rẹ̀. Àwọ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé rárá, torí òfin gba ṣúgà jíjó láyè. Ní Jámánì, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára ìgò bí wọ́n bá lò ó, ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn wọ́n á dákẹ́.

Ìdánwò tó dára jù fún gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ń lọ lọ́wọ́ báyìí. Nígbà tí ọtí pọ̀ ju ẹni tó ń rà á lọ, wọ́n ti ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí pa ní 1983, Brora àti Port Ellen sì wà lára wọn. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú àgbá wọn di ohun tí àwọn olówó ń dù. Diageo, ilé iṣẹ́ tó ni méjèèjì, tún Brora ṣí ní 2021, Port Ellen sì tẹ̀ lé e ní 2024. Ìkòkò àtijọ́ méjì ṣì wà ní Brora, wọ́n tún wọn ṣe. Ní Port Ellen, wọ́n rọ tuntun gẹ́gẹ́ bí àwòrán ti àtijọ́. Ọtí Brora ti kọjá ọdún mẹ́ta tí òfin béèrè, ti Port Ellen di 2027. Mo gbà pé ohun tó ń jáde látẹnu ìkòkò yóò jọ ti àtijọ́ gan-an, torí bàbà àti ọwọ́ ènìyàn ṣeé tún ṣe. Ohun tí wọn yóò rọ sínú ìgò lẹ́yìn ogún ọdún ni n kò rò pé yóò jọ ọ́: àgbá tí ṣẹ́rì fi wọ èbúté Ìlú Ọba nígbà ayé Brora àkọ́kọ́ kò sí mọ́, kò sì sí owó tó lè rà á.